Erùpẹ̀ Tó Yege ní Ìbàdàn

Ṣakí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n Àpínkẹ́,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, dìde, jó díẹ̀, kí o tó máa kà á lọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Bódìjà? Olúwa tó mú ọ jókòó láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé kò ní jẹ́ kí o fi ìtìjú dìde. Àwa náà wà, ewúrẹ́ rẹ sì ti bí ìbejì.

Lẹ́tà rẹ dé. Níbi tí o ti kọ ọ́ pé erùpẹ̀ oko tí mo fi rán Àjàgbé awakọ̀ sí ọ ní ibùdókọ̀ Mọ́kọ́lá, kí ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́ àyẹ̀wò ilẹ̀ yín, dára púpọ̀, pé oúnjẹ irúgbìn kún inú rẹ̀, pé kò nílò ajílẹ̀ kankan, inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí pásítọ̀ bá mi kà á sókè. Àkànó àbúrò mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé oko wa ti gbó, pé kí n fi í sílẹ̀ fún igbó, kí n wá máa bá òun gbin ẹ̀gẹ́. Mo fi lẹ́tà rẹ hàn án. Mo wá fi àpò ajílẹ̀ òyìnbó tí mo rà ta á lọ́rẹ, torí kí ni ẹni tí ara rẹ̀ le fẹ́ fi oògùn ṣe?

Àmọ́ ọmọ mi, àgbàdo oko ò tíì gbọ́ pé ilẹ̀ ti yege. Ewé rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, kò sì ga kọjá orúnkún mi. Ìyá rẹ bi mí pé ibo gan-an ni mo ti bu erùpẹ̀ ọjọ́sí. Mo ní ibo ni kí n ti bù ú bí kò ṣe ẹ̀yìn ilé ìdáná, lórí ààtàn tí òun ń da eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tó ń dán. Ta ló ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn tí kò ní wọ aṣọ tó dáa jù fún un? Mo tilẹ̀ fi asẹ́ gàrí jọ̀ ọ́, kí àwọn ọ̀gá rẹ má baà sọ pé ilé ọ̀bùn ni o ti wá. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣebí ilẹ̀ tó ń ṣàìsàn ni ọmọ ní kí ẹ fi ránṣẹ́. Mo ní bàbá kan náà ló ni ilẹ̀ méjèèjì, bí ẹ̀gbọ́n bá yege, ó yẹ kí àbúrò rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ó ní rárá.

Nítorí náà, Àjàgbé tún ń bọ̀. Àárín oko ni mo ti bu èyí, n ò sì jọ̀ ọ́. Mo gbọ́ pé ẹ máa ń sun díẹ̀ nínú rẹ̀ níná. Jọ̀wọ́, ẹ rọra. Fi owó àpò ajílẹ̀ kan rán an padà, torí ojú ń tì mí láti gba tèmi lọ́wọ́ Àkànó. Mo ti sọ fún un pé n kò ní fi oko náà sílẹ̀ títí èsì rẹ yóò fi dé.

Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá wò ó, tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan mọ́ nínú rẹ̀, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Àgbàdo ibẹ̀ la fi sanwó ilé ìwé rẹ lọ́dọọdún. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ rẹ ní Bódìjà yẹn.

Ọlọ́run yóò tọwọ́ rẹ fi agbára tuntun sínú ilẹ̀ wa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adégbọlá