Ẹsẹ̀ Òsì Mi àti Mọ́tò Alhájà

Agbo-ilé Ògúnjìnmí,
Ogúnjọ́ oṣù Keje, 1986.

Mùkáílà Àkànní ọmọ mi,

Àṣàlámù àlékúmù. Ṣé ara rẹ le? Kúlísúmù ìyàwó rẹ ńkọ́, àti ìkókó ọwọ́ rẹ̀, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín? Àwa náà wà láàyè níbí, a sì ń dúpẹ́. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ ni yóò máa mú ọ wọlé lálẹ́, taya rẹ kò ní pàdé ìṣó, ojú ọ̀nà kò ní mọ orúkọ rẹ. Àmín. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, iṣu ta, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n títí ọmọ ọmọ òun yóò fi dé wá wò wọ́n.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. O ní Alhájà Sàrátù ọ̀gá rẹ ti gbà kí o fi mọ́tò wọn gbé ìyàwó àti ọmọ wálé fún Iléyá. Ìyá rẹ jó yí ilé ká. Èmi ò jó o. Mo jókòó, mo ń ro òkè tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú wa. Ọ̀rọ̀ òkè yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nítorí ohun tí mo ṣe nígbà tí mo wá kí ìkókó ní Fẹ́sítáàkì.

O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa lọ́rì kòkó kí orúnkún tó lé mi sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Alhájà ní kí n jókòó sídìí ìtọ́kọ̀ kí n tọ́ ọkọ̀ àwọn wò, inú mi dùn pé wọ́n mọ àgbà dẹ́rẹ́bà bí wọ́n bá rí i. Mo wo ilẹ̀, pẹ́dà méjì péré ni mo bá. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé olè Èkó ti yọ kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ lọ. Mi ò sọ̀rọ̀, kí ojú má baà ti obìnrin tó nílé mẹ́ta ní Amúwo tí pẹ́dà rẹ̀ kò pé. Mẹ́gàdì yín nìkan ni mo fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kó bá wa ṣọ́ méjì tó kù. Nígbà tó sọ ọ́ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní ọtòmátíìkì ni, pé fúnra rẹ̀ ló ń yí jíà. Mo ní ó dáa. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán an, ó yẹ kí èèyàn máa fojú sí i lára.

A gbéra ní Amúwo, a wọ Fẹ́sítáàkì tí ojú ọ̀nà ibẹ̀ kò lórúkọ àfi nọ́ńbà. Bí a ṣe ń sún mọ́ ìkòríta Àfẹ́nù Kejì, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, mo ń retí kí ẹnjìnnì di ọkọ̀ mú. O mọ bó ṣe ń rí nínú lọ́rì: tí mo bá já jíà wálẹ̀ sí sẹ́kọ́ńdù, tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹnjìnnì á pariwo, ọkọ̀ á fà sẹ́yìn, wàá mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí ìyá rẹ máa ń di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ mú tó o bá fẹ́ sáré sí títì. Ti Alhájà kò di ẹnikẹ́ni mú. Kò pariwo, kò fà, ó kàn ń yọ́ lọ bí ẹni pé kò sí ìkòríta níwájú. Ẹ̀rù bà mí. Ẹsẹ̀ òsì mi kò bi mí léèrè kó tó wá kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ. Pẹ́dà bíréèkì tó fẹ̀ bí àwo ló bá, ó sì tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Gèlè Alhájà ti dé iwájú kí àwọn fúnra wọn tó tẹ̀ lé e. Bá mi bẹ̀ wọ́n sí i. Sọ fún wọn pé orúnkún ẹsẹ̀ náà ń dùn mí gan-an, ó ti ń jìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gèlè kọ́ ló ń jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ lójú oorun. Bíréèkì kọ́ la fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè wa, jíà ni. Ọ̀jẹ̀túndé ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń kó kòkó, ń kánjú lọ́jọ́ kan, kò já jíà wálẹ̀, ó gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì nìkan. Bíréèkì gbóná, ó ń rùn, ó sì kọ̀ fún un. Èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú lọ́rì tèmi, mo sì rí i títí ó fi wọ inú kòtò. Àkànní, ẹ̀rù rẹ ń bà mí, mo sọ ọ́ láìtijú.

Ìdí nìyí tí mo fi lọ bá Tàjúdéènì mẹ́káníìkì. Ó bi mí bóyá mo rí méjì àti ọ̀kan tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà ọkọ̀ náà. Mo ní mo rí i, ó sì yé mi, iye èrò tó wà nínú ọkọ̀ ni. Nígbà tó jẹ́ pé èmi, ìwọ àti Alhájà jẹ́ mẹ́ta, mi ò fọwọ́ kàn án. Tàjúdéènì jókòó lé taya, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí o fa ọ̀pá náà wá sí méjì kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, pé ẹnjìnnì á di ọkọ̀ mú. Kò ní le tó ti lọ́rì, ṣùgbọ́n á dì í mú. Mo gbà á gbọ́ díẹ̀.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, àlọ nìkan. Adébánjí tó ń ná Èkó ni kó o fi rán, má fi sí báńkì, torí owó ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń kó fún èèyàn níbẹ̀, mi ò sì mọ ibi tí onítọ̀hún ti rí i. Màá wá bá yín ní Fẹ́sítáàkì, ká jọ wálé. Mi ò ní fọwọ́ kan ìtọ́kọ̀. Ẹ̀yìn rẹ ni màá jókòó sí, màá ká ẹsẹ̀ òsì yìí sábẹ́ ara mi. Ọlọ́run yóò sọ̀ wá kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, ìyá rẹ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ọmọ náà ní ẹnu ọ̀nà. Tí a bá dé orí òkè, fa ọ̀pá wá sí méjì bí Tàjúdéènì ṣe wí. Bí ọkọ̀ náà bá kọ̀ tí kò di ẹnikẹ́ni mú, ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ á ti wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bùsàrí Ògúnjìnmí.