Bàbá, Mo Da Ọ́ìlì Gíà Yín Nù

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ìkòtún níbí. Mo kí Màámi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Bọ́lá àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì yín ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù.

Òjò ò jẹ́ ká rímú mí níbí. Iṣẹ́ ṣì ń lọ nílé ìtajà oògùn l'Ẹ́gbẹ́dá, owó oṣù ò sì ju ẹnu lọ. Bí mo bá wọ yàrá, kò sẹ́ni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ni kò tíì mọ́ mi lára.

Ohun kan péré lẹ rán mi nígbà tẹ́ ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́: kí n wá ẹni tó máa dí ibi tí ọ́ìlì gíà ti ń jò. Ọkọ̀ òtómátíìkì ni, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń fẹ́, òun nìkan lẹ sì lè dá wà látìgbà tí ẹsẹ̀ òsì ti kú tipiri. Ẹ tún kìlọ̀ fún mi pé, "Máa bu kún un ni o. Má dà á nù."

Ọ̀gá Múfú, mẹkáníìkì mi ní Dòpémú, yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tẹ́ ẹ sọ náà ló sọ. Ó ní rọ́bà kan lòun máa pààrọ̀, pé ọ́ìlì dúdú yẹn ni àwọn irin tó ti jẹ ṣì fi ń di ara wọn mú. Èmi ni mo ń ṣakọ. Mo ní kó dà á nù, kó rọ tuntun sí i. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e kí ọkọ̀ máa sáré, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ yín ti dèèyàn l'Ékòó.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkọ̀ kọ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, táyà ò ní yí. Ó wá di dandan ká tú gíà palẹ̀ ká tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Inú ẹ̀ ti jẹ tán, irin kan sì ti là. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ la wá a dé. Bàbá arúgbó kan ní ká máa lọ ilé jàre, àwọn tó ń tà á ti kú. A rí ti ọkọ̀ mìíràn tó jọ ọ́, kò wọlé. Ọ̀gá Múfú ò gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ojú sì tì mí. Gíà yín wà nínú bàsíà lábẹ́ bẹ́ǹṣì ẹ̀, ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọkọ̀ wà lórí búlọ́ọ̀kù, òjò ń pa á.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún yín pé ó kù díẹ̀. Irọ́ ni mo pa, Bàbá. Màámi sọ lórí fóònù pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ máa ń wọ bàtà, tẹ́ ẹ máa ń jókòó síta, pé ẹ kọ̀ kí ọlọ́kadà gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ọkọ̀ yín ń bọ̀. Kò bọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà máa gbé yín.

Kí Ọlọ́run fi okun sí ẹsẹ̀ òsì yẹn, àdúrà tó kù lẹ́nu mi nìyẹn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Tẹ́ ẹ bá ka èyí tán, ẹ bọ́ bàtà yẹn.

Èmi ni ọmọ yín tẹ́ ẹ kìlọ̀ fún,
Wálé