Ihò Mẹ́ta Lára Bẹ́líìtì Gàárì

                                                  Yàrá Ìkógàárìsí,
                                                  Ilé Ẹṣin Wa,
                                                  Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá.

Ìyàwó wa ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara màmá tó bí ọ ti le díẹ̀, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbígbẹ̀yìn ti ń sùn láìjí kígbe mọ́, inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun? Ìwọ náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé "a dúpẹ́" lo máa sọ, nítorí náà mi ò ní dúró lórí ẹ̀. Màmá wa ní kí n kí ọ. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé àga wọn kúrò nídìí fèrèsé tó kọjú sí pápá. Ògiri ni wọ́n ń wò báyìí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, pẹ̀lú ìwé tí o fọwọ́ sí pé kí dókítà ẹranko fún Olóyè, ẹṣin ọkọ rẹ, ní abẹ́rẹ́ ikú. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni dókítà ń bọ̀. O bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nínú lẹ́tà náà: ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni inú ẹṣin yẹn ti burú, tí ọkọ rẹ kàn kọ̀ tí kò gbà? O sì pè mí ní Onísùúrù bí o ṣe máa ń pè mí láti ọjọ́ tí o ti wọlé wa, nítorí pé o bá mi níbi tí mo ti ń tú irun ọrùn ẹṣin tó ta kókó fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì kí n lè dá ọ lóhùn, ìwọ náà sì mọ ohun tí mo sọ: mo bi ọ́ bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà. Awakọ̀ tó ń kó koríko wá fún wa ló máa mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la, kí o lè kà á kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn fún mi. Nígbà tí ìwọ àtàwọn ọmọ lọ tán, èmi nìkan ló kù tó lè fún Olóyè lóúnjẹ. Kì í ṣe pé mo fẹ́. Mo kórìíra rẹ̀. Mo máa ń ju koríko sí i láti òkè ilẹ̀kùn, màá sì ti yí ẹ̀yìn padà kó tó gbórí sókè. Òun náà kò fẹ́ rí mi. Tó bá ti gbọ́ ìró bàtà mi, ìdí ló máa kọ sí mi. Báyìí la ṣe ń bá ara wa gbé fún oṣù kan gbáko, bí ayálégbé méjì tó ń jà lórí balùwẹ̀.

Pátákò rẹ̀ tó gùn jù ló mú Màmá Jẹ́jẹ́ wá. O mọ̀ wọ́n, ìyá arúgbó tó ń kan bàtà irin mọ́ ẹṣin lẹ́sẹ̀, tí ọkọ rẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kì í kí ẹni tó ni ẹṣin àfi tí wọ́n bá kí ẹṣin tán. Olóyè kò gbé ẹsẹ̀ fún wọn. Mo fẹ́ fi okùn dè é mọ́ òpó, wọ́n ní kí n gbé okùn yẹn sílẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá wò mí, wọ́n ní àwa méjèèjì ò sùn dáadáa. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ kí àwọn padà wá, kí n dojú garawa kan délẹ̀ láàárín pápá, kí n máa jókòó lé e fún wákàtí kan lójoojúmọ́, kí n má sì ṣe nǹkan kan.

Mo bi wọ́n pé, "Kí n má ṣe nǹkan kan bíi ti báwo, mà?"

Wọ́n ní, "Má pè é. Má tẹjú mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́."

Mo rò pé ogbó ti ń bá orí wọn jà. Ṣùgbọ́n àtijókòó sínú ilé kí n máa gbọ́ bí Màmá wa ṣe ń mí kanlẹ̀ kò rọ̀ mí lọ́rùn, nítorí náà mo gbé garawa. Ọjọ́ mẹ́rin, ìdí ni mò ń wò. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó yí etí kan sí mi. Màmá Jẹ́jẹ́ ti sọ fún mi pé tí etí yẹn bá ti yí, kí n dìde, kí n máa lọ. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọbi ara sí mi ni mo máa lọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lè mọ̀ pé òun lè wò mí láìjẹ́ pé mo máa gba nǹkan lọ́wọ́ òun. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá gbóòórùn bàtà mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ́ mi ní okùn. Gbogbo ọdún tí mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí, fífa ẹṣin ni mo mọ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ okùn fún un. Ìka méjì péré ni wọ́n ní kí n fi mú okùn náà. Tí Olóyè bá ti gbèrò àtigbé ẹsẹ̀ kan, àní kó má tíì gbé e, kí n ti dẹ̀ ẹ́. Tí mo bá pẹ́, wọ́n á gbá mi lọ́wọ́ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo wá ń mọ ìgbà tí nǹkan bá yé e, torí ó máa ń lá ètè, á máa jẹ ẹnu lásán, ọrùn rẹ̀ á sì wálẹ̀. Nígbà tó yá, a kò lo okùn mọ́. Mo rìn, ó rìn. Mo dúró, ó dúró. Mo yà sọ́wọ́ òsì lójijì kí n fi tàn án, kò tàn án, ó yà pẹ̀lú mi, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i pé igun ọgbà níbi tí ọkọ rẹ ti ṣubú la dúró sí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ kan ṣáájú lẹ́tà rẹ, Màmá Jẹ́jẹ́ ní kí n gbé gàárì wá. Olóyè kò ṣe nǹkan kan nígbà tí mo gbé e lé e lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ tí mo na ọwọ́ mú bẹ́líìtì tuntun tó ń gba abẹ́ ikùn, ó gbé èémí mì, ikùn rẹ̀ wú, ó le bí pákó, ẹyin ojú rẹ̀ funfun báláú.

Màmá Jẹ́jẹ́ ní, "Ta ló ń fi orúnkún gbá a níkùn?"

Ìwọ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń di gàárì. Ohun tí o lè má mọ̀ ni pé ẹṣin tó bá ń bẹ̀rù bẹ́líìtì yẹn máa ń fi èémí wú ikùn, tí èèyàn bá sì dì í báyìí, yóò dà bíi pé ó le, àfi ìgbà tí ẹṣin bá mí síta, tí bẹ́líìtì wá dẹ̀, tí gàárì sì lè yí. Ọ̀pọ̀ wa máa ń fi orúnkún ta á níkùn kó lè tú èémí náà. Ọkọ rẹ kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin tirẹ̀ ni pé kí n dì í díẹ̀, kí n mú ẹṣin rìn yípo lẹ́ẹ̀kan, kí n wá tún un fà. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ bá wà lára mi. Tí kò bá sí níbẹ̀, orúnkún ni.

Wọ́n ní kí n fà á dé ibi tí mo máa ń fà á dé, kí n wá dúró. Mo dúró. Ọwọ́ ń ro mí. Olóyè náà dúró, ó ń retí orúnkún. Orúnkún kò wá. Ó pẹ́ kó tó mí síta, èémí gígùn kan báyìí, orí rẹ̀ wálẹ̀, ó ń jẹ ẹnu. Bẹ́líìtì tó le lẹ́ẹ̀kan wá dẹ̀. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi wọ abẹ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Mo fà á dé ibi tó yẹ kó wà, mo ka ihò tó fi wọlé sí i. Ihò mẹ́ta ni.

Ìyàwó wa, ihò mẹ́ta yẹn ló pa ọkọ rẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣubú, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti tò sídìí ọgbà, wọ́n ń retí kó wá gun ẹṣin. Ó ti bá mi wí lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, lórí garawa tí mo gbé sọ́nà àti lórí omi tí mi ò pààrọ̀. Mo ti lé lógójì ọdún, ó ń bí mi nínú pé ẹnìkan ṣì ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé garawa. Mo fi orúnkún gbá Olóyè, mo fa bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kan, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ jáde, ó ń wọ ìbọ̀wọ́, ó bi mí ní ohun tó ń bi mí lójoojúmọ́.

"Ṣé o ti mú un rìn? Ṣé o ti tún un fà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò fọwọ́ kàn án wò. Ó ní, "O ṣé, jàre," ó sì gùn ún. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ nìyẹn, irọ́ sì ni.

Ìwọ náà rí ìyókù. Gàárì yí dé abẹ́ ikùn ẹṣin pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkọ rẹ nínú irin tí wọ́n ń tẹsẹ̀ bọ̀ lára gàárì. Ẹṣin tí nǹkan ń lù lábẹ́ ikùn, kí ló fẹ́ ṣe ju kó sá lọ? Gbogbo ènìyàn ní ó ya wèrè, èmi náà sì bá wọn sọ ọ́. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé bẹ́líìtì kí wọ́n tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè wò ó mọ́. Mo sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé mo fà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí o di aṣọ mi mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo sọ ọ́ fún ìwọ náà. Mi ò ní sọ fún ọ pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀, mo kàn ń bá ara mi jiyàn lójoojúmọ́ ni, títí di Ọjọ́bọ̀ yẹn tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá Jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Wọn ò bú mi. Wọ́n ń ra ọwọ́ lọ́rùn Olóyè, wọ́n ní àwọn kọ́ ló yẹ kí n máa sọ fún. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ, wọn ò sì tíì padà wá.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí: rárá. Inú rẹ̀ kò burú rí. Ẹ̀rù ló ń bà á, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ẹ̀rù náà. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Mi ò mọ ẹnu tí mo fẹ́ fi bẹ̀ ọ́. Màá sọ fún Màmá wa tí mo bá mọ̀ pé o ti kà á, lẹ́yìn náà màá lọ bá àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n tún ohun tí mo sọ kọ. Ìwọ lo ni Olóyè. Tí o bá ní kó kú síbẹ̀síbẹ̀, mi ò ní bá ọ jiyàn, torí mo mọ̀ pé ojú lè má gbà á. Ṣùgbọ́n má pa á nítorí pé ó pa ọkọ rẹ.

Tí mi ò bá gbúròó rẹ kí dókítà tó dé, màá ṣe ohun tó wà nínú ìwé tí o fọwọ́ sí. Mi ò ní nílò okùn. Màá ṣí ilẹ̀kùn, màá máa lọ, á sì máa tẹ̀ lé mi bọ̀.

Bá mi kí màmá rẹ, kí o fọwọ́ pa àbígbẹ̀yìn lórí fún mi. Ọmọ rẹ obìnrin bi mí lórí fóònù pé ta ló ń fún Olóyè ní kárọ́ọ̀tì. Sọ fún un pé èmi ni.

Èmi ni àbúrò ọkọ rẹ,
ẹni tí o ń pè ní Onísùúrù.