Nítorí Àpò Iyọ̀ Màlúù Tí Ọkọ Mi Sọ Di Àga

                                        Ilé Onípáànù Pupa,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwé Àtijọ́,
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ilé ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń sùn nídìí rédíò kó sì máa sọ pé ìròyìn lòun ń gbọ́? Mo kí gbogbo yín pátá. Ara tèmi le. Ọmọ wa obìnrin bí ọkùnrin láyọ̀, ìyá àti ọmọ ń ṣe dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo lò lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo padà sílé. Ohun tí mo bá nílé ni mo fẹ́ rò fún ọ. Wá ibì kan jókòó.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé mọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, ó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ aládùúgbò, ó tiẹ̀ mọ bó ṣe yẹ kí òjò máa rọ̀. Nígbà tí mo wá fẹ́ lọ bá ọmọ wa, mo fi màlúù mẹ́sàn-án lé e lọ́wọ́. Márùn-ún nínú wọn lóyún, ó sì ku nǹkan bí oṣù méjì kí wọ́n bí. Màlúù ẹran ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti wàrà, kò sí wàhálà nídìí wọn ju koríko, omi àti àpò iyọ̀ màlúù kan tí mo ti tọ́jú sílẹ̀. Ìwọ náà mọ iyọ̀ yẹn láti ayé bàbá mi, ìyẹ̀fun aláwọ̀ eérú tí wọ́n po èròjà tó ń mú egungun le àti èyí tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára mọ́, tí aboyún màlúù gbọ́dọ̀ máa lá lójoojúmọ́ kó tó bímọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé màlúù: ẹ̀kúnwọ́ kan fún aboyún kọ̀ọ̀kan láràárọ̀.

Kò pàdánù ìwé náà o. Ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ náà ni mo ti bá a. Ó ti fi bírò pupa ṣàtúnṣe àmì ohùn mẹ́ta tí mo ṣì, ó sì fún mi ní máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Iṣẹ́ tí ìwé náà ní kó ṣe nìkan ni kò ráyè ṣe.

Èrò rẹ̀ ni pé àgbọ̀nrín inú igbó ń bímọ, kò sì sẹ́ni tó ń bu iyọ̀ sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n gbáà. Ó kàn gbàgbé pé àgbọ̀nrín ń rìn káàkiri wá ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ni, tiwa sì wà nínú ọgbà tí a fi wáyà yí ká, ohun tí a bá gbé síwájú wọn ni wọ́n máa jẹ. Àpò iyọ̀ náà kò ṣòfò ṣá. Ó gbé e sábẹ́ igi, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó sọ ọ́ di àga ìkàwé ìròyìn. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni ọkùnrin yìí fi jókòó lórí òògùn.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé òun yìí kan náà ló ń pè wá lórí fóònù lójoojúmọ́ kí ọmọ wa tó bímọ, tó ń béèrè bóyá ó ti lo òògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bóyá ó ti lo ti egungun. Lọ́jọ́ tó gbọ́ pé ó fo ọjọ́ kan, ìwàásù ogún ìṣẹ́jú ló fi ṣe. Ó ní oyún máa ń fa èròjà lára ìyá. Ó là á yé wa dáadáa, orí àpò iyọ̀ ló sì jókòó sí tó ti ń là á.

Ó tún máa ń yangàn lórí fóònù pé àwọn màlúù fẹ́ràn òun. Ó ní tóun bá ti wọ inú ọgbà báyìí, wọ́n á tò tẹ̀lé òun, wọ́n á máa lá ọwọ́ òun, wọ́n á máa lá ọrùn òun, wọ́n á máa lá ẹ̀wù òun tó ti làágùn. Ọ̀kan tiẹ̀ jẹ ìdajì fìlà rẹ̀. Ó ní ìfẹ́ ni. Ó sọ fún télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa pé gbogbo ọdún tí ìyàwó òun fi ń sin màlúù, wọn ò ṣe báyìí sí i rí. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ, èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n bí sáàárín màlúù, tó yẹ kí n mọ ohun tó túmọ̀ sí lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tuntun wà lápá mi, mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni àgbà inú wọn, èyí tí a ń pè ní Ìyáálé, bímọ. Ó bí i tán, kò lè dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, etí rẹ̀ tutù, ó dorí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ọmọ náà nà gbalaja sórí koríko, kò lè gbé ọrùn, kò lè mu ọyàn. Mo ránṣẹ́ sí dókítà ẹranko. Ọkọ mi ló kọ́ ọmọbìnrin náà ní ìwé kẹfà, òun ló sì sọ fún un nígbà yẹn pé ọpọlọ rẹ̀ ò gbé ìṣirò. Ó dé, ó kí tíṣà rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan ọrùn Ìyáálé, ó ń fa omi èròjà egungun sí i díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè irú iyọ̀ tí a fún un. Mo yíjú sí ọkọ mi. Ọkọ mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín. Ó tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó sì fi fìlà tí wọ́n jẹ hàn án bí ẹ̀rí.

Dókítà gbọ́ ọ dópin, kò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn yín. Iyọ̀ ara yín ni wọ́n ń lá."

Ọkọ mi bojú wo ẹ̀wù ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

Kò tó wákàtí kan tí Ìyáálé fi dìde, tó gbọn ara rẹ̀, tó yíjú sọ́mọ. Ti ọmọ ni kò rọrùn. Dókítà gún òun náà lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé inú oyún ni nǹkan ti wọ́n ọn, kò sì rọrùn láti fi abẹ́rẹ́ dí i. Mo fún wàrà àkọ́kọ́ tó nípọn lára ìyá rẹ̀, mo rọ ọ́ sínú ìgò. Ọkọ mi gba ìgò náà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó ti ọmọ náà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Ó ń gbé e dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀, ó ń tún un gbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó kú sórí itan rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́lẹ̀ tó sin ín. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń retí rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dè é: ti bírò pupa, ti àgbọ̀nrín, ti òògùn ẹ̀jẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a ti jọ ń gbélé, mi ò rí ìjà tí mo ti jàre tó báyìí rí. Ó dé, ó fọwọ́, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ìwọ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mi ò ṣe é."

Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo wo gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀, mi ò rí ọ̀kan tó ṣeé sọ. Mo ní èmi náà gbọ́ pé wọ́n ń lá a lára, mo sì rẹ́rìn-ín. A jọ jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tó kọ́ ẹnì kejì ní ohunkóhun.

Àwọn mẹ́rin yòókù ti ń lá iyọ̀ báyìí. Dókítà ní ó ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó sàn ju kí wọ́n má rí i rárá. Ọ̀kan bí lánàá. Ọmọ náà pẹ́ kó tó dìde, ṣùgbọ́n ó dìde.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ fún ọkọ mi ni mo kó sínú lẹ́tà yìí, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n kan mọ́ mi nínú. Ìwọ ni kó o bá mi fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Tó o bá wá kí wa, jọ̀ọ́, má sọ ọ̀kankan nínú wọn lójú rẹ̀. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ nígbà tó bá jí, kó o sì bá mi fọwọ́ kan gbogbo àwọn ọmọ lórí.

Tìrẹ ni mí, èmi tí mi ò pa ẹnu mọ́ rí àfi lẹ́ẹ̀kan yìí,

Ẹnu-Bí-Abẹ.