Ẹ̀bi Tí Mo Dì Ru Bàbá

Barnawa, Kaduna

Ẹ̀gbọ́n mi Abdulkareem,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ ní Kùmásí. Ara wa le. Ojú ọ̀tún Bàbá ni kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dá lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Raheemat ọmọ mi, tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ń ka ìwé sókè bí mo ṣe ń ránṣọ. Ó ní àwọn onímọ̀ sọ pé ọkàn ènìyàn kì í dẹ́kun àtidàgbà: ọ̀dọ́ á máa wá irú ẹni tí òun jẹ́, arúgbó á máa yẹ ayé rẹ̀ wò bóyá òun lò ó dáadáa. Bàbá dáhùn: "Kai! Èmi ti yẹ̀ ẹ́ wò. N kò tíì mọ ohun tí mo fi ṣẹ Kàríìmù ọmọ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni mo pa fún yín. Bàbá kọ́ ló ní kí n má lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ti ra àpótí fún mi pàápàá. Ẹ̀rù ló bà mí, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi Yorùbá ẹnu mi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a bá lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́: "Gàm̀bàrí dé o!" Ẹ sì torí mi bínú sí Bàbá, ọgbọ̀n ọdún gbáko. Ìwé Raheemat sọ pé mo ṣì lè yí padà. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ọlọ́run á dá gbogbo yín sí. Mo ti jẹ́wọ́ fún Bàbá. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́ sí yín, pé ẹ ó bá mi jà. Ẹ bá mi jà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá.

Àbúrò yín,
Wúlẹ̀mọ̀tù