Fọ́tò tí bàbá mi ní kí n ya àwọn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni. Irọ́ ni mò ń pa fún bàbá mi lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń ṣe ní Bajulaiye, ní Shomolu níbí, èmi ni mò ń bá wọn ṣe design lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wúkọ́, gbogbo wa rò pé òórùn íǹkì ni... àṣé jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀dọ̀fóró ló wà. Dókítà pè é ní lymphoma, ó ní irú èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ látinú ẹ̀dọ̀fóró ṣọ̀wọ́n gan-an.

Nígbà tí bàbá mi lo oògùn àkọ́kọ́ tán tá a padà lọ, dókítà ní kí wọ́n lọ jókòó níta, ó wá dá èmi dúró. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú ẹ̀ máa ń pẹ́ láyé, inú mi ti fẹ́ẹ́ máa dùn o... ló bá ní ti bàbá mi yàtọ̀. Ó ní táwọn bá wo ọjọ́ orí wọn, tó tún ti wọ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, tí oògùn àkọ́kọ́ ò sì ṣe nǹkan kan, kò jọ pé wọ́n máa rí ọdún tó ń bọ̀. Mo ní ṣé ó dá a lójú? Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́, bó ṣe ṣe àwọn tó ṣáájú làwọn ń wò. Èwo ni kí n wá gbà gbọ́? Mo jáde, mo sọ fún bàbá mi pé oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní Alihamudulilahi. Nínú kẹ̀kẹ́, mò ń sọ̀rọ̀ ṣáá bí ẹni tó mutí. Ìyá mi náà ní kí n pa ẹnu mọ́, pé wọn kì í sọ irú ẹ̀ fún àgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Shomolu, ẹ mọ̀ pé pósítà òkú pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó máa ń bí bàbá mi nínú táwọn ọmọ olóòkú bá gbé fọ́tò òde wá, tí ọwọ́ ẹlòmíì wà léjìká òkú, tí màá máa gé e títí. Bàbá mi á máa kùn pé ṣé wọn ò lè ya bàbá wọn ní fọ́tò gidi kan nígbà tó wà láyé ni?

Jímọ̀ tó kọjá, bàbá mi ti mọ́ṣáláṣí dé, wọn ò bọ́ agbádá. Wọ́n ní kí n ya àwọn ní fọ́tò, pé ti kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí ni. Èmi ni mò ń ṣe kàlẹ́ńdà yẹn lọ́dọọdún o, fọ́tò ìmáàmù nìkan ló ń wà níbẹ̀... Wọ́n lọ dúró síwájú ògiri funfun, wọ́n ní kí n rí i pé kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, kí n má baà ṣe wàhálà àtigé e. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín sí mi. Mo yà á.

Wọ́n mọ̀. Àfi bíi pé èmi gan-an ni wọ́n ń tàn, kí n má baà máa sunkún. Fọ́tò yẹn wà lórí kọ̀ǹpútà mi, mi ò lè ṣí i, mi ò sì lè pa á rẹ́. Láàárọ̀ yìí wọ́n bi mí pé ṣé ó dáa, mo ní ó dáa gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ jókòó tì wọ́n ká jọ sunkún ẹ̀ ni, àbí ká máa parọ́ fún ara wa lọ báyìí... títí n ó fi ṣí fọ́tò náà?