Mi Ò De Ìyá Mi Lọ́wọ́

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Bí ẹnikẹ́ni bá ti wá sọ ọ́ létí sàréè yín pé mo de Ìyá lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé abúlé, nítorí àbúrò yín ti kọ lẹ́tà èébú sí mi. Aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo dì mọ́ wọn lápá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń dì í lóòjọ́, n kò sì ní yéé dì í.

Kò pẹ́ tí Ìyá wá bá mi gbé níbí ní àdúgbò Fondren, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ táyà, ni kíníìkì sọ pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ bíi tiyín. Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wá kọ́ mi pé ṣúgà nìkan kò tó: kí n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí n máa ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù, kí n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò bóyá egbò wà níbẹ̀ tí wọn ò mọ̀. Àwọn ará ẹgbẹ́ wa ní mọ́sáláṣí ń fi mí rẹ́rìn-ín. Dókítà Táyà ni wọ́n ń pè mí.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Alhaji, alága ẹgbẹ́ wa, àti ìyàwó rẹ̀ yà láti gbé wa lọ sí ìsọmọlórúkọ ní League City. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Ìyá máa lọ sí kíníìkì. Wọ́n ti wé gèlè tán. Ṣúgà wọn dára láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dára débi pé gbogbo wa yọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fọwọ́ pa iwájú orí, wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù ló ń fọ́ àwọn lórí. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo di apá wọn.

Ìyá figbe ta. “Tú mi sílẹ̀ o! Ṣé àgbò iléyá ni mí ni?”

“Dókítà Táyà,” ni Alhaji wí, “ṣúgà Màmá dáa, kí lo tún ń wá? Ọ̀nà freeway ò ní pẹ́ dí o.”

Abẹ́rẹ́ ojú aago tó ń ka ẹ̀jẹ̀ ríru gun òkè réré. Mo tún un wọ̀n. Bákan náà ni.

“Ọsibítù là ń lọ, sà.”

“O fẹ́ dójú tì wá lọ́dọ̀ ọlọ́mọ ni?”

“Ẹ máa lọ ní tiyín.”

Wọ́n lọ. Ibi ìsọmọlórúkọ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ pé mo de ìyá mi mọ́ àga.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dá Ìyá dúró. Dókítà ní díẹ̀ ló kù kí rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Ìyá ti jẹ́wọ́ fún mi pé tí kíníìkì bá ti ku ọ̀la, àwọn á ti fi ọjọ́ méjì gbààwẹ̀ kí ṣúgà lè dára lójú dókítà. Wọ́n ní, “Bàbá ẹ ló kọ́ mi.”

Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi kọ́ wọn? Mo rántí o. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń ṣe kí ẹ tó lọ yẹ ìtọ̀ wò bóyá ṣúgà wà níbẹ̀, bí àwa ọmọ iléèwé ṣe ń gé èékánná lọ́jọ́ Ajé torí pé èékánná nìkan ni tíṣà máa wò, tí ìdọ̀tí á sì wà lọ́rùn wa. Tí wọ́n bá ti yìn yín, ẹ ó máa súfèé bọ̀ wálé lórí kẹ̀kẹ́. Èmi ni mò ń jẹ iyán tí ẹ bá gbé tì. Iyán náà dùn, mo sì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ kọlù yín, wọ́n ṣì ní ìtọ̀ yín mọ́. Kò sẹ́ni tó di apá yín rí. Ká ní mo sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀ bá gbọ́?

Alhaji ní kí n wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. N kò dọ̀bálẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ń ka àwọn tó dúró tì mí: nọ́ọ̀sì yẹn, ìyàwó Alhaji tó yọ́ gbé ọbẹ̀ wá sí ọsibítù, ọkùnrin tá a jọ ń tú táyà. Mo kà dé ibẹ̀, mo jáwọ́. Apá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dì, kò gba èrò.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá kírun tán, wọ́n mu ògì, wọ́n jẹ àkàrà, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni kíníìkì. Wọ́n ká apá búbà sókè fúnra wọn, wọ́n na ọwọ́ sí mi.

“Alágídí ọmọ, wá dè mí.”

Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀. Ṣúgà wọn kò dára tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Èmi ni, ọmọ yín tó jẹ iyán yín, tí kò ní dákẹ́ mọ́.